Ìró Àjẹ̀ Tí Yèyé Mọ̀

Ìkúnayọ̀ ti gbé ẹran náà mì kó tó béèrè irú ẹran tó jẹ́. Ká ní ó tètè béèrè ni, bóyá ì bá ti tu ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ní í béèrè ọ̀rọ̀ ẹran lọ́jọ́ ìkórè? Wọ́n gbé e jókòó síwájú ìjọ nínú aṣọ funfun, wọ́n ń pè é ní Ìyá Ìkórè, àwo ọbẹ̀ sì ń rú èéfín níwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Ó tiẹ̀ sọ fún obìnrin tó bu oúnjẹ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ dùn.

Ẹni tí yóò bá mọ ohun tí ẹran yẹn ṣe sí i ní láti kọ́kọ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́.

Ọmọ Ìlàjẹ ni, ṣùgbọ́n etí omi Warri ni wọ́n bí i sí. Láti etí òkun ilẹ̀ Oǹdó ni bàbá rẹ̀ ti tukọ̀ wá ní ọ̀dọ́, tó kan ilé pákó sórí òpó igi lẹ́bàá omi, níbi tí ariwo ọjà Ogbe-Ijoh ti ń dún wá bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ síhìn-ín. Apẹja ni bàbá náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí gbogbo ará etí omi fi mọ̀ ọ́n ni ìró àjẹ̀ rẹ̀. Bó bá ń bọ̀ láti ibi ẹja, kí ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ ní kọ̀rọ̀, yóò fi ìdí àjẹ̀ kan ara ọkọ̀: kó-kó-kó. Yóò sinmi díẹ̀. Kó. Bí ìyá wọn bá ti gbọ́ ọ, yóò gbé ìkòkò kaná. Ìkúnayọ̀ àti àbúrò rẹ̀ Zachariah yóò sì sáré já lu ara wọn lórí pákó èbúté, ta ni yóò kọ́kọ́ di okùn ọkọ̀ mú. Ilé kọ̀ọ̀kan létí omi náà ló ní ìró tirẹ̀. Ẹnìkan kì í kan ti ẹlòmíràn, bí a kì í ti í jẹ́ orúkọ bàbá onílé kejì.

Bàbá náà kú, ìyá náà tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ìró náà kò kú. Zachariah ra ọkọ̀ onínjìnnì, síbẹ̀ bó bá dé kọ̀rọ̀ yẹn, yóò pa ínjìnnì, yóò sì gbé àjẹ̀ kan ara ọkọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Zaki, na visitor you be for your own house?" Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì tún kàn án.

Púpurú ni Ìkúnayọ̀ ń ṣe jẹun. Ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó ń rẹ ẹ́ sómi, ó ń yan án lórí iná, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Fìyìnfólúwa, ń ránṣọ nínú ilé pákó kan náà, bí ìyá bá sì fi Ìlàjẹ pè é, Pidgin ni yóò fi jẹ́ ẹ. Ayé Ìkúnayọ̀ ì bá máa lọ báyẹn títí, bí kì í bá ṣe ọjọ́ tí Ṣọlápé gbé ọkọ̀ rọ́bà aláwọ̀ ọsàn méjì dé èbúté rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni Ṣọlápé, àwọn òbí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ní Airport Road. Ó ti lọ síbì kan tó ti rí i pé àwọn ènìyàn ń wa irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kiri orí omi láti wo ẹyẹ, ó sì fẹ́ máa kó àwọn ará Warri lọ wo ẹyẹ tiwọn.

"Màmá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ inú omi yìí jù," ó wí, ó kúnlẹ̀ sórí pákó tútù.

Ìkúnayọ̀ wo ohun tó gbé wá. "Kí lẹ̀ ń pe èyí?"

"Káyákì ni, mà."

"Ọkọ̀ kọ́ nìyí, ọmọ mi. Abọ́ ìfọṣọ ni. Ẹ fẹ́ kó ọmọ ọlọ́mọ sínú abọ́ ìfọṣọ?"

Ṣọlápé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀ láti ọjọ́ náà. Ìkúnayọ̀ ni yóò máa tu ọkọ̀ igi tirẹ̀ lọ níwájú, àwọn káyákì yóò máa wọ́ tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Yóò na àjẹ̀ sí lékèélékèé tó tò sórí ẹ̀ka bí aṣọ tí wọ́n sá. Yóò fi ẹyẹ aláró kan hàn wọ́n, èyí tó máa ń já bọ́ sómi bí òkúta, tí yóò sì jáde tòun tẹja lẹ́nu. Yóò ní kí wọ́n dákẹ́ kí wọ́n wo ẹja olójú òkè tí ń fi lẹbẹ gun ẹrẹ̀ láàárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Àwọn ènìyàn tó ti ń gbé Warri láti kékeré a máa pariwo: "Inú Warri yìí kan náà?" Inú rẹ̀ a sì dùn, bí ẹni tí wọ́n yin ọmọ rẹ̀ níṣojú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Yèyé ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ wá.

Ẹran odò ńlá ni Yèyé, irú èyí tí àwọn apẹja ń pè ní màlúù omi. Ó tóbi ju ọkùnrin méjì lọ, ara rẹ̀ ṣe bí ẹ̀yìn àpáta, ìrù rẹ̀ fẹ̀ ó sì yí roboto bí ojú àjẹ̀. Kì í jẹ ẹja, kì í bu ènìyàn jẹ. Koríko àti ojúoró ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí Ìkúnayọ̀ kọ́kọ́ rí i, èèpo ẹ̀gẹ́ tó dà sómi ló wá ń ṣa jẹ lábẹ́ ilé. Ihò imú méjì yọ sókè, ó mí fúù, ó sì rì. Ìkúnayọ̀ jókòó sórí pákó bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹran yìí ni bàbá rẹ̀ máa ń sọ lẹ́yìn oúnjẹ, pé ó ti tán lómi. Òun fúnra rẹ̀ kò rí ọ̀kan láàyè rí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èèpo lọ pàdé rẹ̀ nínú ẹsẹ̀ omi tóóró kan tí ọkọ̀ onínjìnnì kì í gbà, kí ẹnikẹ́ni má baà pa á lára. Bó bá débẹ̀, yóò kan ara ọkọ̀. Kó-kó-kó. Kó. Kò ronú sí i rárá. Ìró kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì kàn. Nígbà tó yá, bó bá ti kàn án, omi yóò wú, orí dúdú náà yóò sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, irun ètè rẹ̀ ń ta omi dànù. Lẹ́yìn òjò ọdún tó kọjá, kò dá wá mọ́. Ọmọ kan rọ̀ mọ́ ọn lábẹ́ apá, ó ń mu ọmú.

Ṣọlápé rí ọmọ náà, ó fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ó wa káyákì rẹ̀ sún mọ́ ọkọ̀ Ìkúnayọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Òfin ò fẹ́ kí wọ́n pa á, àmọ́ ṣé àwọn èèyàn ń gbọ́ òfin? Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti mọ èèyàn jù."

"Èèyàn wo? Èmi nìkan ló mọ̀."

"Ìró yẹn ló mọ̀, màmá. Kò mọ ọwọ́ tó ń kàn án."

Ìkúnayọ̀ fi àjẹ̀ ta omi sí i lára. "Ṣé ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ kó o máa bẹ̀rù báyìí ni? Ìró bàbá mi nìyẹn. Ta ni yóò kàn án lẹ́yìn àwa ọmọ rẹ̀?"

Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, ìjọ aládùúrà wọn fi Ìkúnayọ̀ ṣe Ìyá Ìkórè. Ọlá ńlá ni, ìnáwó ńlá sì ni, nítorí ọ̀dọ̀ ìdílé Ìyá Ìkórè ni ẹran tí gbogbo ìjọ yóò jẹ ti ń wá. Zachariah lu àyà. "Sista, ẹ fi ti ẹran sílẹ̀ fún mi. Ojú ò ní tì yín." Bẹ́ẹ̀ ni ibà dá Ìkúnayọ̀ dùbúlẹ̀. Kò lè gbé àjẹ̀. Ohun tó ń dùn ún lórí ẹní náà ni pé Yèyé yóò máa retí òun.

"Bá mi gbé èèpo lọ fún un," ó wí fún Zachariah. "Kàn án bí ti Bàbá, yóò jáde. Kó má baà rò pé mo ti kọ òun sílẹ̀."

Zachariah lọ. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ ń dán. "Sista! Ẹran yẹn mà sanra o."

"Ṣebí mo ń bọ́ ọ ni," Ìkúnayọ̀ dáhùn, ó sì rẹ́rìn-ín nínú ibà.

Ara rẹ̀ yá kí ọjọ́ Ìsinmi ìkórè tó pé, ṣùgbọ́n kò tíì ráyè tukọ̀ lọ wo Yèyé. Ní ìjọ wọn, Ìyá Ìkórè kì í wọ ilé ìdáná lọ́jọ́ tirẹ̀. Wọ́n dáná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, òórùn ọbẹ̀ ń wọlé bá wọn lórí àdúrà. Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n to tábìlì, wọ́n gbé púpurú àti ọbẹ̀ jáde, ẹran sì kún inú ọbẹ̀ bí òkúta inú odò. Ẹran náà pupa, ó lọ́ràá, ó rọ̀. Bàbá Elisha, àgbà ìjọ, bù ú jẹ, ó di ojú, ó ní, "Ọdún mélòó la ti jẹ irú èyí kẹ́yìn? Zachariah, Olúwa ló rán ọ."

"Níbo lo ti rí irú màlúù yìí rà?" Ìkúnayọ̀ béèrè. Ó ń nu ọwọ́.

Zachariah wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ bí ọmọ tó gbé ipò kìíní. "Sista náà ń fi mí ṣeré. Ta ló ra màlúù? Èyí tí ẹ sìn náà ni."

Ìkúnayọ̀ kò gbọ́ ọ yé. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kò fún mi ní wàhálà rárá," Zachariah ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ó ti kọjú sí gbogbo tábìlì. "Mo kàn án bí ti Bàbá, ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ó lanu! Ó rò pé èèpo ni mo gbé wá. Mo ti ọ̀kọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́rùn báyìí, kò tilẹ̀ kọ́kọ́ sá."

Tábìlì bú sẹ́rìn-ín.

"How you take knock am?" Marvellous béèrè. Ọ̀dọ́kùnrin ni, ó ní ọkọ̀ onínjìnnì àti ọkọ̀ igi tirẹ̀, kò sì sí ẹsẹ̀ omi tí kì í dé.

Zachariah kan tábìlì. Kó-kó-kó. Kó.

Marvellous kàn án tẹ̀ lé e. Ẹnìkan tún kàn án. Bàbá Elisha fi ìdí ife kàn án, ó ń mi orí sí i. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo tábìlì ti ń kàn án, ọmọdé àti àgbà, àwọn obìnrin fi ṣíbí, àwọn ọ̀dọ́ fi ìkúùkù, ìró tí ẹnìkan kò kàn rí lẹ́yìn àwọn ọmọ ilé kan ṣoṣo. Wọ́n ń fi yin Ìyá Ìkórè ni. Ọ̀rá ẹran náà dì mọ́ Ìkúnayọ̀ ní òkè ẹnu, kò lè gbé e mì, kò lè tutọ́. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì jáde, ó ki ìka bọ ọ̀fun títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ohunkóhun kò jáde.

Ẹ̀gbẹ́ ìdáná ló ti rí awọ Yèyé. Wọ́n ti ká a sínú agbada kan, ó nípọn, ó dúdú, èèpo ẹ̀gẹ́ kan ṣì lẹ̀ mọ́ etí ètè rẹ̀.

Zachariah ti bá a níbẹ̀. "Sista, ṣé ibà yẹn ló tún dé?"

"Ta ló ní kí o pa á?"

"Ta ló ní kí n...?" Ẹnu ya ọkùnrin náà gidi. "Ẹ̀yin lẹ ń bọ́ ọ! Ọdún ń bọ̀, wọ́n fi yín jẹ Ìyá Ìkórè, mo rí i pé ẹran ti wà nílẹ̀. Kí ni Bàbá ṣe ń bọ́ ẹja inú igbó ẹja rẹ̀? Ṣé kó lè máa wò wọ́n ni?"

Òtítọ́ ni. Bàbá wọn a máa ri ẹ̀ka igi sómi lẹ́yìn ilé kí ẹja lè fi ṣe ibùgbé, a máa da èèpo àti ìyókù oúnjẹ sí wọn, bí ọdún bá dé, yóò fi àwọ̀n yí i ká, yóò sì kó wọn. Ohun tí ènìyàn bá ń fún lóúnjẹ nínú omi, jíjẹ ni yóò jẹ ẹ́. Kò sí ọmọ Ìlàjẹ kan tí yóò rí i lọ́nà mìíràn. Gbogbo bó ti ń gbé èèpo lọ lóròòwúrọ̀, àbúrò rẹ̀ ń wò ó, inú rẹ̀ ń dùn sí ọgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun kò sì fìgbà kankan sọ fún un. Kò mọ̀ pé ó yẹ ní sísọ.

"Ọmọ rẹ̀ ńkọ́?" ó béèrè.

"Ó wà níbẹ̀. Mo fi sílẹ̀, kò tíì tó nǹkan. Ó di ọdún tó ń bọ̀."

Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn Marvellous dún jáde láàárín ẹ̀rín: "Which next year? Tomorrow morning I go go knock am!" Ìkúùkù rẹ̀ sì tún kan tábìlì.

Ìkúnayọ̀ kò bọ́ aṣọ funfun. Bó ti wà náà ló rìn dé èbúté, tó wọ ọkọ̀ igi rẹ̀, tó tú okùn. Zachariah sáré tẹ̀ lé e, ó bẹ́ sí iwájú ọkọ̀, ọ̀kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó yé mi, Sista. Ká tètè mú un kí Marvellous tó mú un."

Ìkúnayọ̀ wò ó. Ojú kan náà tó ń bá a já lu ara wọn lórí pákó nígbà èwe ni.

"Gbé e sílẹ̀ lórí pákó."

"Kí la máa wá fi..."

"Zachariah. Mo ní gbé e sílẹ̀."

Ó gbé e sílẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán ń ta lórí omi. Ní ojú ọ̀nà, Ìkúnayọ̀ fi ọwọ́ kan fa fóònù yọ, ó pe Ṣọlápé, ó sọ ọ́ fún un ní kúkúrú bí ẹni ń ròyìn òkú.

"Ṣé ọmọ rẹ̀ lè yè láìsí ìyá?" Ìkúnayọ̀ béèrè.

"Ṣé ó ti ń jẹ ewéko, mà?"

"Ó ti ń jẹ ojúoró."

"Ó lè yè, nígbà náà." Ìkúnayọ̀ gbọ́ tí ọmọbìnrin náà ń fa imú. "Tí kò bá dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́."

Kò sí ohun tó yí padà nínú ẹsẹ̀ omi tóóró náà. Lékèélékèé tò sórí ẹ̀ka. Ẹyẹ aláró náà já bọ́ sómi, ó jáde. Ìkúnayọ̀ gbé àjẹ̀ dúró títí, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ẹran náà ti bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló kan ara ọkọ̀. Kó-kó-kó. Kó.

Kíá ni omi wú. Ó wá bí ìgbà tí ọmọ gbọ́ ohùn ìyá. Orí kékeré dúdú náà yọ, ó mí fúù, ó rì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi imú wá nǹkan kiri abẹ́ ọkọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, jẹ́jẹ́, lára igi. Apá ìyá rẹ̀ ló ń wá. Ọmú ló ń wá lára ọkọ̀.

Ìkúnayọ̀ gbé àjẹ̀ sókè, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ là á mọ́ ọn lẹ́yìn.

"Sista!" Zachariah fọwọ́ méjèèjì di ọkọ̀ mú. Omi fọ́n bò wọ́n. "Ẹ fẹ́ pa á ni?"

Ìkúnayọ̀ dúró kí omi rọlẹ̀, ó tún kàn án. Ẹran náà tún wá. Ó rọra wá lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ imú ní ọ̀ọ́kán, ó ń rò ó. Ó sún mọ́ wọn. Ìkúnayọ̀ tún nà án, àjẹ̀ ró gbì lára rẹ̀, ó sì kígbe mọ́ ọn, igbe tí Zachariah kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tí bàbá wọn kú. Ó kàn án, ó nà án. Ó kàn án. Aṣọ Ìyá Ìkórè ti rẹ gbindingbindin, ẹrẹ̀ ti bò ó. Lékèélékèé ti fò lọ tán.

Zachariah ti jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó káwọ́ lérí. Ó ti yé e báyìí. "N kò mọ̀," ó ń wí. "Sista, n kò mọ̀. Ẹ dárí jì mí, n kò mọ̀."

"Mo mọ̀ pé o kò mọ̀," Ìkúnayọ̀ wí, ó sì tún kan ara ọkọ̀.

Kó-kó-kó. Kó.

Omi mì lókèèrè, lábẹ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà. Ìlà kan là lójú omi, kò kọjú sí wọn. Ó ń sá lọ. Ìkúnayọ̀ tẹ́tí, ó tún kàn án, ó sì tún kàn án, kò sì sí ohun tó dáhùn. Ó tẹ́ àjẹ̀ sí orí ẹsẹ̀, ó jókòó. Ọ̀rá ẹran náà ṣì wà ní òkè ẹnu rẹ̀.

Zachariah ló tukọ̀ padà. Nígbà tí wọ́n dé kọ̀rọ̀ ilé, ó gbé àjẹ̀ kúrò nínú omi, ó yí ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀ láti kan ara ọkọ̀, bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré. Ọwọ́ Ìkúnayọ̀ bà lé ọwọ́ rẹ̀.

Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n, ó rọra gbé àjẹ̀ náà padà sómi. Ọkọ̀ wọn yọ sí èbúté láìdún. Fìyìnfólúwa wà nínú ilé nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀yìn ló kọ sómi, kò sì mọ̀ pé wọ́n ti dé.